Ọjọ́ tí Lará Ní Kí Yèyé Rẹ̀ Sá

Ẹ súnmọ́ ibí, gbogbo yín. Ìwọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọlé, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé ọ̀rọ̀ mi lọ kó tó dé etí rẹ. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ fi ọmú sọ́mọ lẹ́nu kó dákẹ́. Inú mi dùn lónìí, ẹnu sì ń yún mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ó sọ mí di wèrè. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, orin ló ń bọ́ sí mi lẹ́nu:

Àgbà méjì ń fa ọmọ,
Ẹ rọra o, ẹ rọra.
Apá ọmọ kì í ṣe okùn,
Ẹ rọra o, ẹ rọra.

Ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni, ìgbà tí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ máa lọ síléèwé lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tí mo ka ìwé kìíní lẹ́ẹ̀mejì tí n ò dé ìwé kejì, mo máa ń dúró lójúde wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá pẹ̀lú síléètì lábẹ́ apá. Àtìkòrí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ilé mi wà. Gaarí ni mo ń yan. Ìyá Olúrẹ̀mí ni wọ́n ń pè mí.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń jẹ́ Ràímì. Pákó ló ń là, níbi ìlagi tó wà lẹ́yìn ọjà. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Zipporah, ọmọ Mákùn-Omi, létí omi lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ kí ara wọn. Ràímì ń kírun, Zipporah ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, ìyẹn kò sì bá wọn jà. Ohun tó bá wọn jà gan-an, kí n má purọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní òun mọ ìdí ìjà tọkọtaya, ẹ bi í pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wo ló sùn sí.

Èyí tí gbogbo Àtìkòrí mọ̀ ni pé wọ́n pínyà, àti pé lọ́jọ́ kan Zipporah lọ mú Lará, ọmọ wọn kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n jáde iléèwé. Ó gbé e wọ bọ̀lẹ̀kájà, ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Mákùn-Omi. Kò sọ fún Ràímì. Ràímì wá ọmọ títí, ó ní kí wọ́n fi okùn sọ òun kalẹ̀ sínú kànga wò. Ọkùnrin náà jáde nínú kànga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Kí ìròyìn tó dé pé ọmọ wà lọ́dọ̀ yèyé rẹ̀, ó ti rù, sòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀.

Ni wọ́n bá dé kóòtù ìbílẹ̀. Kóòtù ní ọ̀dọ̀ bàbá ni Lará yóò máa gbé. Yèyé rẹ̀ lè máa wá wò ó ní gbogbo Sátidé, ṣùgbọ́n kì í ṣe nílé bàbá, kì í ṣe nílé ìyá. Ilé ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn tan ni, onítọ̀hún yóò sì jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi parí. Bí Zipporah bá mú ọmọ yẹn kọjá àgbàlá ilé náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó tán. Kò ní fojú kàn án mọ́ títí ọmọ yóò fi wọ ilé ọkọ.

Wọ́n ní ta ni kò bá ẹnikẹ́ni tan? Wọ́n ní Ìyá Olúrẹ̀mí. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ọmọ tèmi ni mo wò dàgbà tí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀. Ẹ tún ní kí n máa wo ìyá ọmọ ọlọ́mọ?" Wọ́n ní mo máa ń kọrin, ọmọ kò ní bẹ̀rù mi. Ẹ ò rí i? Orin ló kó mi sí i.

Sátidé àkọ́kọ́, Hàmídù akódà kóòtù ló mú Zipporah wá. Ó wọ kaki tó ti lọ̀ gan-an, ó mú ọ̀pá dání, ó dúró ní gbàgede mi, ó ka òfin náà sókè bí ẹni ń polówó oògùn. Abibat, ẹ̀gbọ́n Ràímì, ló mú Lará wá láti ilé bàbá. Ọmọ náà ti ká eyín iwájú méjèèjì. Ó wo Hàmídù láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo yèyé rẹ̀, ó sá sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Abibat ní, "Ìyá Olúrẹ̀mí, mò ń lọ jókòó lọ́dọ̀ ará ọ̀kánkán yín. Ojú mi wà níbí o."

Mo ní, "Ojú rẹ kì í kúrò níbì kankan, Abibat. Máa lọ."

Mo rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni. Kí n jókòó, kí n máa jọ gaarí mi, kí ìyá máa di irun ọmọ rẹ̀, kí ilẹ̀ máa ṣú lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí! Bí Zipporah bá gbé orí rẹ̀ sórí itan, yóò na ọwọ́ fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ yèyé rẹ̀, yóò máa wò ó bí ẹni ń wá ẹ̀gún. Yóò sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Yèyé, ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ níbẹ̀?"

"Níbo, ọkọ mi?"

"Níbẹ̀ yẹn."

Zipporah yóò wò mí, èmi náà yóò wò ó. Sátidé kejì, ọmọ náà fa àkàrà yọ nínú kọ̀mbẹ̀sì tó wọ̀ sábẹ́ aṣọ rẹ̀, àkàrà tó ti tẹ̀ pẹrẹsẹ, epo ti ba gbogbo inú aṣọ jẹ́. Ó ní kí yèyé òun gbé e pamọ́ sínú tòbí, kí ó máa jẹ ẹ́ lóru. Zipporah gba àkàrà náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo kọrin sí i kó dákẹ́, orin náà kò ràn.

Ó wá kàn mí. Lará kọjú sí mi, ó ní, "Ìyá Àgbà, kí ló dé tí ẹ fi ń ṣọ́ Yèyé mi?"

Mo ní, "Kóòtù ló ní kí n jókòó."

"Ṣé kóòtù dàgbà jù yín lọ ni?"

"Kóòtù kì í ṣe ènìyàn."

"Ó dẹ̀ ń bá yín sọ̀rọ̀?"

Ẹ gbà mí! Mo ní kí n gba ọ̀nà mìíràn. Mo mú un lọ sídìí àpò ẹ̀gẹ́ tí mo rìn, tí mo gbé òkúta lé. Mo ní, "Wò ó, Lará. Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í kánjú sí. Bí mo bá yan ẹ̀gẹ́ yìí báyìí, á dì mọ́ mi lágbada. A óò dúró kí omi rẹ̀ ro dànù ná. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ yín rí."

Ó ronú. Ó ní, "Èmi ni ẹ̀gẹ́?"

"Rárá."

"Yèyé mi ni ẹ̀gẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ̀gẹ́ nínú yín!"

"Ẹ̀yin ni òkúta, àbí?"

Mo gbé ajọ̀ mi, mo padà sídìí gaarí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi ẹ̀gẹ́ kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n, kò sí ẹni tó fi mí pe òkúta rí.

Mo lọ bá Ràímì. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ń ká ọmọ rẹ lára. Jókòó kí o ṣàlàyé fún un." Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Olúrẹ̀mí, ọmọdé ni, yóò gbàgbé." Mo sọ fún Abibat. Ó ní, "Kí ló fẹ́ mọ̀? Ìyá rẹ̀ gbé e sá lọ, òun náà wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún." Mo sọ fún Zipporah. Ó ní, "Màmá, akódà ní n ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ẹjọ́ létí ọmọ. Bí mo bá ṣì í sọ ńkọ́? Bí wọ́n bá gba Sátidé lọ́wọ́ mi ńkọ́?" Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbà rẹpẹtẹ, ẹnu rẹpẹtẹ, gbogbo rẹ̀ pa dé bí ìlẹ̀kùn ilé onígbèsè! Ọmọ wá lọ wá ìtumọ̀ fúnra rẹ̀. Ìtumọ̀ tí ọmọ bá sì wá fúnra rẹ̀, ẹ dì í mú, eré ni yóò bá yín sá.

Sátidé tí ọ̀rọ̀ bẹ́, ìkọ́kọrẹ́ la fẹ́ sè. Zipporah gbé ẹja gbígbẹ wá láti Mákùn, ẹja tó ń dán bíi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó ní kíṣìnì, ó ń rin ewùrà lára páànù tí a dá lu, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgúnpá. Èmi ń gún ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gaarí mi tútù lórí àpò níwájú ilé.

Lará ti ìta sáré wọlé. "Ìyá Àgbà! Ìyá Àgbà! Ewúrẹ́ ti bo gaarí yín!"

Ẹni tó bá ń yan gaarí kì í béèrè pé ewúrẹ́ wo. Mo gbé ọmọ odó, mo sáré jáde. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ewúrẹ́. Kò sí òórùn ewúrẹ́. Gaarí mi jókòó jẹ́ẹ́.

Ìgbà tí mo padà wọlé, ewùrà ti dà sílẹ̀, ata mi ti yí dànù sínú eérú, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí gbayawu. Mo gbọ́ ohùn Lará lẹ́yìn ilé: "Yèyé, ẹ sá! Ẹ sá báyìí! Ìyá Àgbà ò sí níbẹ̀ mọ́!" Ọmọ ti di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń fà á gba àárín ẹ̀fọ́ ará ẹ̀yìnkùlé, ọ̀nà gárééjì. Zipporah ń bẹ̀ ẹ́, "Lará, dúró! Lará, o fẹ́ pa mí ni?" Ọwọ́ kíún yẹn sì le bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ.

Ta ló rí wọn? Ta ni ìbá tún jẹ́!

"Ẹ gbà wá o! Ó tún ti gbé e o! Ará Mákùn tún ti gbé ọmọ wa o!" Ohùn Abibat dé Òkè-Àgbò. Kí n tó dé ibẹ̀, èrò ti pé. Wọ́n dá ìyá àti ọmọ padà sí àgbàlá mi bí ẹni da àgùntàn. Ẹnìkan sáré lọ pe Ràímì. Ó dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lórí, láti irun dé ìpéǹpéjú.

Ó wo Zipporah. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "O tún ṣe é."

"Mi ò ṣe é. Ọlọ́run mi ò ṣe é."

Abibat ti ń so gèlè mọ́ ìbàdí. "Mò ń lọ pe Hàmídù. Ó ti kọjá àgbàlá, gbogbo wa la rí i. Ọmọ yìí, wo ìyá rẹ dáadáa, ó di ilé ọkọ kí o tó tún rí i!"

Zipporah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú mi ṣú. Mo gbé ọmọ odó dábùú ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Abibat, gbésẹ̀ kan sí i, kí n fi eléyìí kí ọ!"

Ìgbà náà ni Lará ké. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ fi fò. "Èmi ni mo ní kó sá! Èmi ni! Kò fẹ́ sá! Ẹ má dá a padà sí ẹ̀wọ̀n mọ́!"

Mo sọ ọmọ odó kalẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀wọ̀n wo?"

Ó ń ṣòsúkè láàárín ẹkún. "Ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó ń gé koríko ní kóòtù. Ẹni oníkaki máa ń kó wọn wá, ẹnìkan á jókòó máa ṣọ́ wọn, tí wọ́n bá gé e tán, wọ́n á kó wọn padà. Yèyé náà, oníkaki ló mú un wá. Ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ ọ. Tó bá dirun mi tán, ẹ ó dá a padà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún fẹ́ pa mí, ìbínú ló borí. Mo kọjú sí gbogbo wọn. "Ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu yín tó pa dé bí? Àkàrà tí ọmọ ń gbé pamọ́, oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n ni! Ọrùn ẹsẹ̀ tó ń wò, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló ń wá! Èmi, èmi ìyá Olúrẹ̀mí, mo ti di wọ́dà nínú ilé ara mi! Ó yá, ẹni tí yóò bá ọmọ yìí sọ òótọ́, kó bọ́ síta. Bí kò bá sí, mi ò ṣọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kí kóòtù wá jókòó fúnra rẹ̀!"

Abibat ń wo ilẹ̀. Zipporah ló dìde, pẹ̀lú ewùrà tó ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá lóṣòó síwájú ọmọ.

"Lará. Nígbà tí o ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Mákùn, ta ló jókòó sínú ọkọ̀?"

"Bàbá Zechariah."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń wò mí."

"O jí nǹkan rẹ̀ ni?"

"Rárá! Kí omi má baà gbé mi ni."

"Ó bínú sí ọ?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní mò ń ta ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́."

"Ó dára. Ìjà tó wà láàárín èmi àti bàbá rẹ, òun ni omi. Ó jìn. Mo gbé ọ wọ inú rẹ̀, mi ò sọ fún bàbá rẹ. Ó wá ọ dé inú kànga. Ó rò pé o ti kú." Ó di ọwọ́ ọmọ mú. "Mo ṣẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó fi mí sẹ́wọ̀n, ọmọ mi. Kóòtù kàn ní kí Ìyá Àgbà jókòó sínú ọkọ̀ máa wò wá, kí omi má tún gbé ọ, títí àwa méjèèjì yóò fi mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Mo wo Ràímì. Láti ọjọ́ kóòtù, kò tíì gbọ́ "mo ṣẹ̀ ẹ́" lẹ́nu obìnrin yẹn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní ìyẹ̀fun pákó ni.

Lará ní, "Ṣé èmi ni mo fa omi náà?"

"Rárá o," ni Ràímì yára dáhùn. Ó ti lóṣòó, òun náà. "Kì í ṣe ìwọ. Kì í ṣe ìwọ rárá."

Ọmọ wo bàbá rẹ̀ lójú. "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

Ọkùnrin tó ń la ìrókò sí méjì, ó yí ojú sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Mi ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa."

Ẹ̀rín bú. Àní Abibat fi gèlè bo ẹnu.

"Ìgbà wo wá ni Ìyá Àgbà máa dìde?"

Zipporah ní, "N ò mọ̀, Lará. Bí mo bá dá ọjọ́ fún ọ, irọ́ ni mo pa."

Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ro nǹkan fún Sátidé bíi mélòó, ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan tó o? Ó ṣì di ìró yèyé rẹ̀ mú. Mo ní ká padà sídìí ìkòkò, Ràímì ní kí wọ́n rán ẹnìkan lọ ra ata mìíràn, nítorí tèmi ti di ti eérú.

Lará ní, "Kí Yèyé lọ. Kí ó dá lọ."

Abibat ní, "Hẹn? Kí ó dá lọ?"

Mo ní, "Abibat, obìnrin yìí ń ti Mákùn wá fúnra rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ṣé o máa ń kì í mọ́lẹ̀ sínú bọ̀lẹ̀kájà ni? Ọmọ ni kò gbọ́dọ̀ mú jáde. Zipporah, ìsọ̀ Ìbíkẹ́ aláta nìyẹn. Máa lọ."

Zipporah jáde. Lará gun orí odó mi tó dojú dé, mo dì í mú lẹ́yìn aṣọ. A jọ ń wò ó. Ó ń rìn lọ láàárín ọ̀nà, apá rẹ̀ ń mì. Kò sí oníkaki níwájú, kò sí oníkaki lẹ́yìn. Ó kí ẹnìkan, onítọ̀hún dá a lóhùn. Nígbà tó yí kọ́nà, tí a kò rí i mọ́, ọmọ náà kò mí. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Ràímì tó na ọrùn bí ògòǹgò, òun náà ò mí. Mo fẹ́ kọrin, mi ò rí ọ̀rọ̀ fi sí i.

Ó pẹ́. Ìbíkẹ́ kì í tètè ta ata, yóò kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè àwọn ará ilé rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ gan-an ni.

Lẹ́yìn náà ni Zipporah yọ ní kọ́nà, ata nínú ewé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ó ń padà bọ̀!" Lará fò sọ̀kalẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lé mi lẹ́sẹ̀. "Kò sẹ́ni tó mú un wá! Òun ló mú ara rẹ̀ wá!" Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó na ìka sí i. "Ẹlẹ́wọ̀n kì í ra ata!"

"Mo gbọ́," ni Abibat wí. "Mo gbọ́, ìyá mi. Má fi ìka gún mi lójú." Ó tú gèlè kúrò ní ìbàdí. Ràímì wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ò ní pe Hàmídù. Ọmọ ló fà á jáde." Abibat ní, "Ṣé mo ní mo fẹ́ pe ẹnikẹ́ni ni? Ẹ gbé odó wá kí n gún ata, ebi ń pa mí."

A sè é. Zipporah ń fi ìka ju ewùrà sínú ọbẹ̀ tó ń hó, edé ń fò níbẹ̀, ẹja Mákùn ń rùn dé òpópónà. Lará jókòó sí àárín bàbá àti yèyé rẹ̀, ó kó ọwọ́ bọ abọ́ méjèèjì. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn méjèèjì. "Ẹ bá mi na omi." "Omi nìyí." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi jókòó sórí àpótí mi, mò ń ṣọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí kóòtù ṣe wí, mo sì wá rí orin mi kọ:

Mo jókòó létí omi,
Mi ò béèrè owó ọkọ̀.
Ẹ wẹ̀ ẹ́ kí n máa wò yín,
Ẹ wẹ̀ ẹ́ gúnlẹ̀ o.

Àwọn èrò tó tẹ̀lé ariwo wá, tí wọn kò lọ nítorí òórùn ọbẹ̀, wọ́n jẹ. Abibat bu lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹja ló kéré, ó tún bu ẹ̀kẹta. Ràímì lá ìka ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ọmọ kọ́ èjìká, ó ní, "Zipporah, Sátidé." Zipporah náà ní, "Sátidé." Lará na ọwọ́ sí i láti òkè, kò sunkún. "Yèyé, ẹ kílé o! Ẹ kí Bàbá Zechariah!"

Zipporah gba ọ̀nà gárééjì tirẹ̀, àwọn Ràímì gba ọ̀nà ibi ìlagi tiwọn. Mo dúró lójúde títí oníkálukú fi lọ tán, kò sí ẹnìkan tó lọ pẹ̀lú ebi nínú wọn, èmi pàápàá ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí àjẹyó.